Òpó Àgbélébùú Ọjà ìlú Edinburgh

Òpó Àgbélébùú Ọjà Edinburgh, tí àwọn ará Scotland ń pè ní Mercat Cross, wà lójú pópó High Street nílùú Edinburgh, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì St Giles. Ilé kékeré oníguń mẹ́jọ ló wà nísàlẹ̀, òpó òkúta wá ti àárín òrùlé ẹ̀ yọ sókè, àmọ́ kò sí àgbélébùú kankan lórí ẹ̀ o, ẹṣin oníwo kan tó jẹ́ àmì ìjọba Scotland ló dúró síbẹ̀. Èyí táwọn àlejò ń yà ní fọ́tò lónìí kì í ṣe ti àtijọ́, ọdún 1885 ni wọ́n kọ́ ọ.

Ìwé àṣẹ kan tí wọ́n kọ ní 1365 ti dárúkọ òpó àkọ́kọ́. Nígbà yẹn, ìlú tó bá gbàṣẹ láti máa ná ọjà ló máa ń ní irú ẹ̀, ìdí ẹ̀ làwọn oníṣòwò ti ń dúnàádúrà, àmọ́ ọ̀rọ̀ òfin ló sọ ti Edinburgh di pàtàkì ju ọ̀rọ̀ ọjà lọ. Láti 1581, tí pálíámẹ́ǹtì Scotland ìgbà yẹn bá ṣòfin tuntun, tí wọ́n bá ti kéde ẹ̀ níbẹ̀ nìkan, ó ti tó, lẹ́yìn ogójì ọjọ́ kò sẹ́ni tó lè ní òun ò gbọ́. Kódà tí wọ́n bá fẹ́ pe ẹni tó ti kúrò ní Scotland lẹ́jọ́, ìdí òpó yìí àti etí òkun Leith, èbúté Edinburgh, ni wọ́n ti máa ń pe orúkọ ẹ̀.

Ti gbèsè gan-an ló yẹ kéèyàn fara balẹ̀ wò. Tí kóòtù bá ti ní kẹ́nì kan san gbèsè, ẹni tó yá a lówó á lọ gba ìwé tó pàṣẹ lórúkọ ọba pé kó san án láàárín iye ọjọ́ báyìí. Tọ́jọ́ bá pé tí kò san, ońṣẹ́ kóòtù á gba ìdí òpó lọ, á ké sáwọn èèyàn lẹ́ẹ̀mẹta pé kí wọ́n tẹ́tí, á ka ìwé náà sókè, á fun fèrè lẹ́ẹ̀mẹta, á wá lẹ ẹ̀dà ẹ̀ mọ́ òpó. Bí fèrè ẹlẹ́ẹ̀kẹta bá ti dún báyìí, onígbèsè ti di ọlọ̀tẹ̀ nìyẹn, ọba lè gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù ẹ̀, wọ́n sì lè gbé e jù sẹ́wọ̀n, wọ́n á ní kì í ṣe torí owó, torí pó ṣàìgbọràn sọ́ba ni. Iṣẹ́ ọpọlọ àwọn lọ́yà. Kì í ṣe Edinburgh nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é, òpó tó wà ní olú ìlú agbègbè onígbèsè ni wọ́n sábà máa ń lò, ọdún 1987 ni òfin sì tó pa á rẹ́ pátápátá. Àwọn tó ti wọko gbèsè tún ní ìjókòó òkúta tiwọn nítòsí òpó láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1600, wọ́n á dé fìlà yẹ́lò, wọ́n á jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ ọjà kí gbogbo ayé rí wọn.

Wọ́n pààyàn níbẹ̀ náà. Wọ́n yẹgi fún William Kirkcaldy ti Grange, ọ̀gágun tó ń jà fún Ọbabìnrin Mary, ní 1573, wọ́n sì so Montrose, ọ̀gágun tó ń jà fún ọba, kọ́ ní 1650. Ní September 1745, àwọn ọmọ ogun Charles Edward Stuart, ọmọ ọba tó fẹ́ gba ìtẹ́ padà fún ìdílé ẹ̀, kéde bàbá ẹ̀ lọ́ba níbẹ̀.

Ní 1617 wọ́n gbé òpó náà sún sísàlẹ̀ díẹ̀ lójú pópó, òkúta tí wọ́n tò ní oníguń mẹ́jọ ló ń fi ibẹ̀ hàn. Ní 1756 wọ́n wó o torí pó ń dí ọ̀nà, òpó àárín ẹ̀ wá bá ara ẹ̀ nínú ọgbà ilé ńlá kan ní Gilmerton, òǹkọ̀wé Walter Scott sì kó díẹ̀ nínú àwọn òkúta ọlọ́nà ẹ̀ lọ sílé ẹ̀ ní Abbotsford. Wọ́n dá òpó yẹn padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ St Giles ní 1866, kó tó di pé William Gladstone, olóṣèlú tó ń ṣojú agbègbè Midlothian ní pálíámẹ́ǹtì UK, fowó ara ẹ̀ kọ́ tuntun. Sydney Mitchell ló ya àwòrán ẹ̀.

Wọ́n ṣì ń lò ó. Tí wọ́n bá tú pálíámẹ́ǹtì UK ká, wọ́n á kéde ẹ̀ níbẹ̀, orí òrùlé ẹ̀ náà sì ni olórí àwọn akéde ọba ní Scotland dúró sí ní 11 September 2022 tó fi kéde Charles Kẹta lọ́ba, ọjọ́ kejì tí wọ́n kéde ẹ̀ ní London.