Ohun Tó Ń Mú Kí Ìmúrasílẹ̀ Má Tán

Láti Adó dé Ìkọ̀lé, kò sí ìlú kan ní Èkìtì téèyàn ò ti ní rí ẹni tó ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò kan. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀lẹ rárá. Wọ́n ń wádìí ọjà, wọ́n ń wo fídíò, wọ́n ń ṣírò owó sínú ìwé. Síbẹ̀, òwò ò bẹ̀rẹ̀.

Ká fi ẹ̀lùbọ́ isu ṣe àpẹẹrẹ. Ìbéèrè oríṣi méjì ló wà níwájú ẹni tó bá fẹ́ máa ṣe é tà. Ẹnu lè dáhùn àwọn kan: èló ni wọ́n ń ta isu ní Ọjà Ọba l'Ádó, ta ló ń bá èèyàn lọ̀ ọ́, èló ló ń gbà. Ọjọ́ díẹ̀ ti tó fún ìyẹn. Àwọn yòókù, ọwọ́ nìkan ló lè dáhùn wọn. Omi ló pọ̀ jù nínú isu tútù, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Wọ́n á bẹ ẹ́, wọ́n á gé e, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná tí kò tíì hó di ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó sá a sóòrùn. Ṣé yóò gbẹ kó tó bu? Ṣé bí wọ́n ṣe gé e ti nípọn jù? Ṣé àmàlà rẹ̀ á wu oníbàárà? Aládùúgbò tó ti ń ṣe é láti ogún ọdún ò lè dáhùn ìyẹn fún ẹlòmíì, torí àgbàlá tirẹ̀ kọ́ ni wọ́n máa sá a sí.

Ibi tọ́rọ̀ ti ń wọ́ nìyí. Oríṣi àkọ́kọ́ tán, àmọ́ ẹni náà ò dẹ́kun àtimáa béèrè. Gbogbo ìdáhùn tuntun ló ń mú ara rẹ̀ yá gágá bíi pé iṣẹ́ ti ń lọ, kò sì tíì pàdánù kọ́bọ̀. Bó ṣe ń béèrè ni èrò rẹ̀ ń fẹ̀ sí i. Lánàá, isu díẹ̀ àti ẹní kan ló fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Lónìí, ó ti di ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ tó ń gbẹ isu, ọ̀rá tí wọ́n tẹ orúkọ sí. Owó tó ń wá ga, ẹ̀rù bá a ga, ẹ̀rù náà ló sì tún ní kó lọ múra sí i. Èyí tó burú jù ni pé ẹ̀ẹ̀rùn ò dúró dè é. Láti bíi oṣù kọkànlá, oòrùn àti ọyẹ́ ló ń bá èèyàn gbẹ isu lọ́fẹ̀ẹ́. Tó bá fi máa di oṣù kẹrin, òjò ti dé.

Ìṣirò inú orí pàápàá kì í sábà jóòótọ́. Ní 1994, Roger Buehler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ìgbà tí wọ́n máa parí iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá wọn. Ọjọ́ 34 ni wọ́n fojú bù. Ọjọ́ 55 ló gbà wọ́n.

Ohun tó ń já okùn ìmúra tí kì í tán yìí ni kéèyàn dín ohun tó fẹ́ ṣe kù títí tí àdánù rẹ̀ ò fi ní dunni: isu mẹ́ta, ẹní kan. Lẹ́yìn náà, kó dá ìgbà sí i. Peter Gollwitzer, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Jámánì, fi hàn pé ẹni tó bá so ìpinnu mọ́ ìgbà àti ibi máa ń ṣe é ju ẹni tó kàn ní òun á ṣe é lọ. Ní 2006, òun àti Paschal Sheeran kó ìwádìí 94 jọ, ọ̀rọ̀ náà sì dúró. “Mo máa bẹ̀rẹ̀ láìpẹ́” ò lágbára tó “tí mo bá ti ọjà dé ní Sátidé, màá bẹ isu kí n tó jókòó.”

Níbi tí àṣìṣe bá ti lè pa ẹlòmíì lára, ìmúra kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Isu tó bá bu, dídànù ni. Ẹ̀lùbọ́ tó bá fẹ́ wọ ọ̀rá olórúkọ lọ sí ilé ìtajà ńlá gbọ́dọ̀ gba ìwé NAFDAC. Àmọ́ isu mẹ́ta tí wọ́n fẹ́ rò jẹ nílé ò nílò ìyẹn.

Tí isu mẹ́ta yẹn bá sì ti gbẹ, ohun tí wọ́n ń bá alọ̀ta sọ á yàtọ̀. Á mú ọ̀kan, á ṣẹ́ ẹ, á sọ bóyá ó ti gbẹ dénú tàbí kí wọ́n gé èyí tó kàn fẹ́lẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.