Tòmátì Kì Í Dúró De Ẹnìkan: Bí Apẹ̀rẹ̀ Kan Ṣe Ń Ti Kánò Dé Mile 12

Ẹni tó fi ẹgbẹ̀rún kan náírà gba tòmátì mẹ́fà lọ́jọ́ Ajé, tó wá fi iye kan náà gba mẹ́rin lọ́jọ́rú, ìyálọ́jà ẹ̀bá títì kọ́ ló yẹ kó bá jà. Ìyá náà kò fowó lé e. Bí ọjà ṣe máa ń wọ́n lójú pàtẹ nìyẹn: owó á dúró síbi tó wà, ohun tó wà nínú àwo á máa dín. Ohun tó fà á ti ṣẹlẹ̀ láti bí ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn, níbi tó tó ẹgbẹ̀rún kìlómítà sí àdúgbò náà.

Púpọ̀ nínú tòmátì tí Èkó ń jẹ, òkè Ọya ló ti ń wá. Kadawa ní ìpínlẹ̀ Kánò wà lára ibi tí wọ́n ti ń gbìn ín jù. Omi odò tí wọ́n sé ní Tiga ni wọ́n là wọ inú oko níbẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí òjò kò rọ̀ rárá, ni tòmátì máa ń pọ̀ jù. Láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ sí Igbe, ọjà á kún. Tí òjò bá dé, àrùn àti kòkòrò á bá a dé, owó á sì fò sókè. Tòmátì ilẹ̀ Yorùbá tí wọ́n ń fi omi òjò gbìn máa ń jáde láàárín ìgbà náà. Ó ń ṣèrànwọ́, àmọ́ kò tó Èkó í jẹ.

Wọn kì í dúró kó pọ́n tán kí wọ́n tó já a. Èyí tó ṣì le, tí ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n bọ̀, ni wọ́n ń já, kó lè parí pípọ́n lójú ọ̀nà. Bí tòmátì bá ti ń pọ́n, afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní ethylene máa ń jáde lára rẹ̀, afẹ́fẹ́ yìí ló sì ń kán ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lójú pé kó tètè pọ́n. Ẹni tó bá ti di ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́nú àpò rí ti mọ̀ ọ́n. Nínú tírélà tó kún fọ́fọ́, èyí tó pọ́n jù kò ní ṣàì kó bá àwọn yòókù.

Apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń kó o sí tún dá kún un. Apẹ̀rẹ̀ ńlá lè gbà ju 50 kìlógíráàmù lọ, ìwúwo àwọn tòkè á sì máa tẹ àwọn tìsàlẹ̀ pa. Wọ́n á to apẹ̀rẹ̀ lé apẹ̀rẹ̀. Kòtò mélòó kan lójú títì ti tó, omi pupa á ti máa ro tó-tó-tó lábẹ́ ọkọ̀. Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń pariwo pé kí wọ́n máa lo kéréètì oníke tó ń gba nǹkan bí 25 kìlógíráàmù. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, àmọ́ ta ni yóò dá kéréètì padà sí Kánò? Ọkọ̀ tó bá gbé kéréètì òfìfo padà ti fi àyè tí ì bá fi kó ẹrù Èkó lọ ṣòfò. Apẹ̀rẹ̀ kò lẹ́jọ́: tó bá bàjẹ́, wọn a hun òmíràn. Yàtọ̀ sí èyí, apẹ̀rẹ̀ gan-an ni òṣùwọ̀n tí ọjà mọ̀. Ẹni tó bá gbé kéréètì wá ní láti kọ́kọ́ jiyàn lórí iye tó yẹ kó tà á.

Kàdúná, Tegina, Mokwa, Jẹ́bà, Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìbàdàn: ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà nìyẹn. Ìparí oṣù Èrèlé 2021 jẹ́ kí gbogbo ayé rí bí okùn náà ṣe tín-ín-rín tó. Lẹ́yìn rògbòdìyàn tó wáyé láàárín Yorùbá àti Hausa lọ́jà Ṣáṣá n'Ìbàdàn, àwọn oníṣòwò òkè Ọya dáwọ́ gbígbé oúnjẹ àti màlúù wá sí gúúsù dúró fún ọjọ́ mélòó kan. Èkó ń ké pé tòmátì wọ́n, lókè Ọya tòmátì pọ̀ débi pé kò rówó. Ká ní ìrẹsì tàbí iṣu ni, wọn ì bá tì í mọ́ sítọ́ọ̀ títí ìjà yóò fi parí. Tòmátì kò ní sítọ́ọ̀.

Àìsí sítọ́ọ̀ yìí ló ṣàlàyé bí owó ṣe ń rìn ní Mile 12, ọjà ńlá tí tòmátì ń já sí l'Ékòó. Ẹni tó di ẹrù ní Kánò kì í sábà bá a wá. Ó ń kó o ránṣẹ́ sí alágbàtà, tí àwọn Hausa ń pè ní dillali. Alágbàtà á bá a tà, á yọ làádà tirẹ̀, á yọ owó ọkọ̀ àti ti alábàárù, á fi ìyókù ránṣẹ́. Àgbẹ̀ kì í mọ iye tí ọjà rẹ̀ máa pa títí wọ́n á fi tà á tán. Bí ọkọ̀ púpọ̀ bá já lówùúrọ̀ kan náà, owó á já wálẹ̀ kí oòrùn tó mú. Fóònù ti dín ìyẹn kù díẹ̀, àmọ́ ọkọ̀ tó ti kọjá Jẹ́bà kò ṣe é dá padà.

Èyí tó ń bàjẹ́ ńkọ́? Ká ní alárobọ̀ kan ra apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta ní ₦30,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. ₦90,000 nìyẹn. Bó bá ṣà á tán, tí èyí tó jẹrà tó odidi apẹ̀rẹ̀ kan, méjì tó kù ló máa pa ₦90,000 náà padà kó tó ro ti owó ọkọ̀, kó tó jèrè kọ́bọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ti di ₦45,000. Oníbàárà tó ń ná ọjà lójú àtẹ kò rí apẹ̀rẹ̀ kẹta yẹn sójú, òun ló sì ń san owó rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ tó ń lọ tòmátì sínú agolo ló yẹ kó jẹ́ sítọ́ọ̀ náà, kó ra àpọ̀jù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ti Dangote ní Kadawa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Ẹrẹ́nà 2016. Lọ́dún kan náà, Tuta absoluta, àfòpiná kékeré tó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá, ba oko jẹ́ débi tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná fi kéde ìpàjáwìrì lórí tòmátì. Ẹ̀bólà tòmátì làwọn èèyàn ń pè é. Ilé iṣẹ́ náà kò rí tòmátì lọ̀ mọ́, ó sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Kódà láìsí kòkòrò, àgbẹ̀ wo ló máa tà fún ilé iṣẹ́ ní pọ́ọ́kú nígbà tí Mile 12 ń pe owó gidi?

Nítorí náà, ilé ìdáná ni sítọ́ọ̀ wà. Nígbà tí tòmátì bá pọ̀, àwọn ìyá á dáwó jọ ra odidi apẹ̀rẹ̀, wọ́n á pín in, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á bọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ, kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú ike gbé e sí firísà. Bí iná bá wà ni o.

Ẹni tí kò ní firísà á dúró di ìrọ̀lẹ́, á lọ wá ẹ̀ṣà, ìyẹn èyí tó ti rọ̀, tí apá kan rẹ̀ ti bàjẹ́. Níbẹ̀, aláta kì í nájà pẹ́. Ó ti wo ojú ọ̀run, ó ti wo tòmátì. Á ní kí wọ́n mú iye tó wà lọ́wọ́ wọn wá, á da gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá, á sì gbọn àtẹ rẹ̀ nù.