Kí ló dé tí ẹni tó ń fìdí rẹmi kì í já sísàlẹ̀ nínú eré yunifásítì Amẹ́ríkà?

Ìbéèrè: Mo máa ń wo bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń gbá mọ́ àyà sáré. Yunifásítì Vanderbilt, ní Nashville, wà lára àwọn tó dá SEC, kọ́ńfẹ́rẹ́ǹsì (ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì tó ń bá ara wọn díje) kan, sílẹ̀ ní 1932, kò sì gba ife bọ́ọ̀lù ibẹ̀ rí. Kí ló dé tí wọn ò tíì já a sísàlẹ̀?

Ojú líìgì England lẹ fi ń wò ó. Lọ́hùn-ún, ipò lọba. Leicester gba ife ní 2016; nígbà tó di 2023 ó já sí ìpele kejì, ẹnikẹ́ni ò bi í pé ọmọ ta ni. Kọ́ńfẹ́rẹ́ǹsì yàtọ̀. Ó dà bí ẹgbẹ́ tó ń dáṣọ: àwọn yunifásítì inú rẹ̀ ló ni ín, àwọn ló ń dìbò, àwọn ló ń pín owó. Ẹ wá ní kí wọ́n dìbò pé kí ẹni tó bá kẹ́yìn máa jáde lọ́dọọdún. Ta ni yóò nawọ́?

Ẹ má sì fojú di Vanderbilt o. Ní oṣù kẹwàá 2024, wọ́n na Alabama, tó wà nípò kìíní lórílẹ̀-èdè náà, 40 sí 35. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ hú òpó góòlù, wọ́n rù ú gba ìgboro Nashville, wọ́n lọ sọ ọ́ sínú odò Cumberland.

Ìbéèrè: Ẹni tó ń borí ńkọ́? Báwo ló ṣe ń gòkè?

Kọ́ńfẹ́rẹ́ǹsì tó lágbára jù tirẹ̀ á pè é, bó bá wù wọ́n. Ẹ wo yunifásítì UCF ti Florida ní 2017. Eré 12, wọ́n borí nínú gbogbo rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó ń yan àwọn tí yóò du ife orílẹ̀-èdè, mẹ́rin péré nígbà náà, tò wọ́n sí ipò 12, torí àwọn tí wọ́n ń bá figa gbága ò tó nǹkan lójú wọn. Ni wọ́n bá ní kí UCF lọ pàdé Auburn, ọ̀kan lára àwọn yunifásítì SEC, nínú eré mìíràn. UCF na Auburn, 34 sí 27. Bẹ́ẹ̀, Auburn yìí kan náà ti na Georgia àti Alabama ní sáà yẹn, àwọn méjèèjì ló sì wá pàdé ní àṣekágbá! UCF bá kéde ara wọn ní ọ̀gá, wọ́n yọ̀ kiri ìlú. Ó di 2023 kí kọ́ńfẹ́rẹ́ǹsì Big 12 tó gbà wọ́n wọlé.

Yunifásítì SMU ti Dallas gba ọ̀nà mìíràn. Kí kọ́ńfẹ́rẹ́ǹsì ACC lè gbà wọ́n ní 2024, wọ́n ní àwọn ò ní gba owó tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ fún ọdún 9. Lójú tèmi, ìyẹn ti kúrò ní ìgbéga, ó ti di owó ìwọlé.

Ìbéèrè: Ṣé wọ́n ti lé ẹnikẹ́ni rí?

Yunifásítì Temple, ní Philadelphia. Ní 2001, kọ́ńfẹ́rẹ́ǹsì rẹ̀, Big East, dìbò pé kó kó bọ́ọ̀lù rẹ̀ kúrò. Sáà 2004 ló lò kẹ́yìn. Òun ló súnmọ́ ohun tí ẹ̀ ń wí jù. Ti Oregon State ló dùn mí. Wọ́n borí eré 10 nínú 13 ní 2022, síbẹ̀ yunifásítì 10 kó ẹrù jáde nínú kọ́ńfẹ́rẹ́ǹsì wọn, Pac-12, ó ku àwọn àti Washington State nìkan ní 2024. Orí pápá kọ́ ni wọ́n ti já.

Ìbéèrè: Tẹlifíṣọ̀n ló wá fa gbogbo rẹ̀?

Òun ló pọ̀ jù. Tẹ́lẹ̀, NCAA, àjọ tó ń bójú tó eré ìdárayá yunifásítì, ló ń pinnu eré tí tẹlifíṣọ̀n máa gbé. Oklahoma àti Georgia pè é lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ tó ga jù sì dá wọn láre ní 1984. Láti ìgbà náà, kálukú ń ta tirẹ̀. Ní 2022, kọ́ńfẹ́rẹ́ǹsì Big Ten tọwọ́ bọ àdéhùn ọdún 7 tó lé ní bílíọ̀nù 7 dọ́là. Owó tẹlifíṣọ̀n náà ló gbé yunifásítì Stanford àti California, tó wà nítòsí òkun Pàsífíìkì, dé inú ACC, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ etí òkun Àtìláńtíìkì!

Ìbéèrè: Ṣé wọn ò lè dán ìlànà England wò?

Yunifásítì kì í ní ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Bí àwọn ọkùnrin tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré bá já, ṣé àwọn obìnrin tó ń lúwẹ̀ẹ́, tí wọ́n gba ife ní tiwọn, náà á bá wọn já? Owó bọ́ọ̀lù ló sì sábà máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù wọn.