Ibi tí bátìrì sẹ́ńsọ̀ ń gbà tán

Iṣẹ́ kọ́ ló sábà máa ń pa sẹ́ńsọ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn nǹkan bí ooru, tó sì ń fi rédíò ránṣẹ́. Ìgbà tó bá jókòó tí kò ṣe nǹkan kan ni bátìrì rẹ̀ ń tán. Ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ṣe bọ́ọ̀dù rẹ̀, pátákó tí wọ́n to ẹ̀yà ẹ̀rọ náà sí, kọ́kọ́ mọ̀ nìyẹn.

Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Berkeley àti Intel gbé sẹ́ńsọ̀ 32 lọ sí Great Duck Island, erékùṣù kan ní ìpínlẹ̀ Maine, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ki àwọn kan bọ inú ihò ilẹ̀ tí ẹyẹ òkun ń yé sí, kí wọ́n lè mọ bí ibẹ̀ ṣe gbóná tó láìda ẹyẹ láàmú. Bátìrì AA méjì ló ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹyẹ bá ti sàba, ta ni yóò tún padà lọ pààrọ̀ bátìrì?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. CC2420, rédíò tí wọ́n lò gan-an láàárín ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìgbà náà, ń jẹ 17.4 mA (mA ni wọ́n fi ń wọn bí iná ṣe ń ṣàn tó) bó bá ń sọ̀rọ̀, ó sì ń jẹ 18.8 mA bó bá kàn tẹ́tí sílẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bátìrì 2,500 mAh, ìyẹn èyí tó lè fúnni ní 1 mA fún wákàtí 2,500, kò ní pé ọjọ́ mẹ́fà. Ṣùgbọ́n bó bá ń jí fún ìṣẹ́jú-àáyá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún, tó sì sùn fọnfọn nínú ìyókù, ó lè lò ju ọdún kan lọ.

Kí gbogbo bọ́ọ̀dù náà sùn ló wá ṣòro. Ẹ wo regulator, ẹ̀yà kékeré tó ń dín iná bátìrì kù. AMS1117 tó pọ̀ lórí bọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú ń jẹ nǹkan bí 5 mA fún ara rẹ̀ nìkan, tọ̀sán tòru. Òun nìkan á jẹ bátìrì yẹn tán ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí rédíò tilẹ̀ ń sùn. MCP1700 ń ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú 1.6 µA (ẹgbẹ̀rún kan µA ló wà nínú 1 mA), ìyẹn kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ti AMS1117. Iná pupa kékeré tó ń fi hàn pé bọ́ọ̀dù ti tàn náà ń jẹun. Ẹ yọ ọ́ dànù.

Bọ́ọ̀dù tó ṣeé yí padà náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Ẹ̀rọ ti Great Duck ní sókẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ 51 tí wọ́n fi ń so bọ́ọ̀dù sẹ́ńsọ̀ mọ́ ọn, síwíìṣì tó ń tan sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ sì wà lórí bọ́ọ̀dù náà. Àwòkọ́ṣe tó dára ni lójú mi. Bí ẹ bá fi àyè sílẹ̀ fún sẹ́ńsọ̀ tuntun láìfún un ní síwíìṣì tirẹ̀, ẹnu mìíràn lẹ fi kún àwọn tó ń jẹ bátìrì.

Kí ẹ tó gbé e lọ sóko, ẹ wọn iná tó ń jẹ lójú oorun. Ẹ má fi mítà sí µA nígbà tó ṣì jí: mítà á dín iná kù, bọ́ọ̀dù á sì máa kú, á máa jí. Ẹ fi sí mA, ẹ dúró kó sùn, kí ẹ wá rọra yí i sí µA.