Lẹ́ǹsì tuntun, igun kan fọ́tò ń ṣe bàìbàì: ṣé àbùkù ni àbí kì í ṣe àbùkù?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra lẹ́ǹsì 50mm f/1.8, tuntun nínú páálí, mo fi ya ògiri bíríkì ẹ̀yìn ilé wa, igun òkè lápá òsì wá ń ṣe bàìbàì, àwọn tó kù mọ́ kedere. Ẹni tó tà á ní tí ò bá dáa kí n dá a padà kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ṣé kí n gbé e lọ?

Ìdáhùn: Má tíì gbé e lọ, ògiri yẹn gan-an ni mo kọ́kọ́ fura sí. Tí kámẹ́rà bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan báyìí, kódà kó jẹ́ díẹ̀ tójú ò lè rí, igun kan á jìnnà sí ẹ ju ìkejì lọ, ní f/1.8 sì rèé, ìyẹn ìgbà tí ihò lẹ́ǹsì ẹ ṣí tán, ibi tí fókọ́ọ̀sì ń mú tín-ín-rín gan-an ni, torí náà igun yẹn á ṣe bàìbàì, lẹ́ǹsì ò sì mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ni kí n wá fi dán an wò?

Ìdáhùn: Nǹkan tó jìnnà réré. Wá òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà lókèèrè, àwọn irin wẹ́wẹ́ ara ẹ̀ yẹn la nílò. Gbé kámẹ́rà sórí tripod, ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn, fi í sí f/1.8, lo self-timer tó ń jẹ́ kí kámẹ́rà ya fọ́tò fúnra ẹ̀, kí ọwọ́ ẹ má baà mì í. Gbé òpó sí àárín, jẹ́ kí fókọ́ọ̀sì mú un, kó o wá yí fókọ́ọ̀sì sí manual kó má baà kúrò níbẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà yí kámẹ́rà kí òpó yẹn bọ́ sí igun òkè lápá òsì, ya á, kó bọ́ sí ti ọ̀tún, ya á, títí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á fi pé. Òpó kan náà, ìjìnnà kan náà, kò sí pé ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́. Àárọ̀ ni kó o ṣe é o, torí tí oòrùn bá ti mú, ooru tó ń ru láti orí páànù á máa mú kí òpó náà jó lójú ẹ, ìgbà ọyẹ́ ńkọ́, gbàgbé ẹ̀.

Ìbéèrè: Tí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ṣe bàìbàì ńkọ́?

Ìdáhùn: Tó bá ti dọ́gba, bó ṣe máa ń rí nìyẹn, igun kì í mọ́ tó àárín ní f/1.8. Èyí tó bá dá yàtọ̀ là ń wá, òun ló ń fi hàn pé gíláàsì kan nínú ẹ̀ ti yẹ̀ tàbí ó dagun. Má sì lọ dán an wò ní f/8, tí ihò lẹ́ǹsì ti kéré, ibẹ̀ ni àbùkù ti máa ń sápamọ́. Ìyàtọ̀ bíńtín, fi sílẹ̀ jàre: Roger Cicala tó dá Lensrentals, ilé-iṣẹ́ tó ń fi lẹ́ǹsì háyà, sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti wọn ọ̀pọ̀ ẹ̀dà lẹ́ǹsì kan náà, kò sí méjì tó bára mu délẹ̀délẹ̀.

Ìbéèrè: Eruku kékeré kan wà nínú ẹ̀.

Ìdáhùn: Kò ní hàn nínú fọ́tò.

Ìbéèrè: Ṣé kò lè jẹ́ kámẹ́rà ló bàjẹ́?

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Fi lẹ́ǹsì mìíràn sí i, tí igun yẹn náà bá tún ṣe bàìbàì, sensor, ìyẹn ibi tí àwòrán ń bọ́ sí nínú kámẹ́rà, tàbí ibi tá a ti ń de lẹ́ǹsì mọ́ kámẹ́rà ló dagun. Tó bá wá jẹ́ lẹ́ǹsì nìkan, kó fọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí fóònù kó o tó lọ, oníṣọ́ọ̀bù ò ní gba "ó ń ṣe bàìbàì" lásán gbọ́.