Kí ni "stop"? Òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ inú kámẹ́rà

Bí ẹ bá dúró ti àwọn ayafọ́tò níbi iṣẹ́ wọn, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu wọn: "Fi stop kan kún un." "Ó fi stop méjì ṣókùnkùn jù." Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kámẹ́rà á bẹ̀rẹ̀ sí í wá bọ́tìnnì tó ń jẹ́ stop, á wá a títí, kò ní rí i. Stop kì í ṣe ohun tí à ń tẹ̀. Òṣùwọ̀n ni. Bí a ṣe ń fi mítà wọn aṣọ, tí a ń fi líta wọn epo, bẹ́ẹ̀ la ń fi stop wọn ìmọ́lẹ̀.

Ọ̀nà tó gbà ń kà ló yàtọ̀. Bí ẹ bá fi stop kan kún ìmọ́lẹ̀, ó di ìlọ́po méjì. Bí ẹ bá yọ stop kan, ìdajì ló kù. Nítorí náà stop méjì kì í ṣe ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni. Stop mẹ́ta jẹ́ ìlọ́po mẹ́jọ, stop mẹ́rin jẹ́ ìlọ́po 16. Bí ojú wa ṣe ń rí ìmọ́lẹ̀ kò jìnnà sí èyí. Ẹ tan gílóòbù kan kún ẹyọ kan tó ti wà ní títàn nínú yàrá, ìyàtọ̀ á hàn kedere. Ẹ tan ọ̀kan kún ogún, agbára káká lẹ ó fi mọ̀ pé nǹkan yí padà.

Ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí fọ́tò gbà ni wọ́n ń pè ní exposure, ibi mẹ́ta la sì ti ń ṣètò rẹ̀. Èkíní ni aperture, ihò inú lẹ́ǹsì tó ń fẹ̀ tó sì ń sún kì. Èkejì ni shutter speed, ìyẹn bí ìkélé tó wà níwájú sensor (ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà) ṣe pẹ́ tó ní ṣíṣí. Ẹ̀kẹta ni ISO. Ká sọ òótọ́, ISO kì í mú ìmọ́lẹ̀ kankan wọlé. Èyí tó ti wọlé ló ń gbé sókè, bí ìgbà tí a bá gbé ohùn rédíò tí kò mú ilé iṣẹ́ tí à ń gbọ́ dáadáa sókè: ohùn náà á ròkè, ṣùgbọ́n ariwo ṣàà tó wà lábẹ́ rẹ̀ á ròkè pẹ̀lú. Ariwo yẹn ni ẹ̀ ń rí nínú fọ́tò bí àmì wínníwínní, àgàgà níbi tó ṣókùnkùn.

Ohun tó mú kí stop wúlò ni pé owó kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ná. Stop kan ní aperture kò ju stop kan ní shutter lọ, kò sì kéré sí stop kan ní ISO.

Àwọn nọ́ńbà náà

Shutter àti ISO kò le. Shutter ń lọ báyìí: 1/1000, 1/500, 1/250, 1/125, 1/60, 1/30, 1/15 ìṣẹ́jú àáyá. Ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́wọ́ ọ̀tún jẹ́ stop kan kún un (láti 1/125 sí 1/60, wọ́n kàn sún nọ́ńbà náà díẹ̀ kó lè rọrùn ni). ISO ń lọ láti 100 sí 200, 400, 800, 1600, 3200, 6400, stop kọ̀ọ̀kan ni.

Aperture ló ń da orí àwọn èèyàn rú, nítorí pé nọ́ńbà kékeré ló dúró fún ihò ńlá. Ẹ má wò ó bí ìwọ̀n ihò. Ẹ wò ó bí ìṣirò pípín. f/2 túmọ̀ sí pé kí ẹ fi 2 pín gígùn ojú lẹ́ǹsì náà (focal length, nọ́ńbà mm tí wọ́n kọ sí lára rẹ̀). Lẹ́ǹsì 50mm ní f/2, ihò rẹ̀ fẹ̀ tó 25mm. Ní f/4, 12.5mm ni. Ẹ wò ó dáadáa: ìbú ihò náà di ìdajì, ṣùgbọ́n ihò róbótó ni, nítorí náà àyè tí ìmọ́lẹ̀ lè gbà kọjá di ìdá kan nínú mẹ́rin. Stop méjì nìyẹn, kì í ṣe ẹyọ kan. Ìdí nìyí tí nọ́ńbà mìíràn fi wà láàárín 2 àti 4, tí ìtẹ̀léra wọn sì rí bákan: 1.4, 2, 2.8, 4, 5.6, 8, 11, 16, 22. Kò sí ohun tó ṣòro láti há sórí níbẹ̀. Ẹ mú 1.4 àti 2 dání, kí ẹ máa sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po méjì: 1.4, 2.8, 5.6, 11 ní apá kan. 2, 4, 8, 16 ní apá kejì. Ẹ wá tò wọ́n mọ́ra wọn.

Ohun kan tún wà tó ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Bí ẹ bá yí kẹ̀kẹ́ ara kámẹ́rà, ìró kọ̀ọ̀kan tó bá dún kì í sábà jẹ́ stop kan. Ìdá kan nínú mẹ́ta stop ni. Láti f/4, á kan 4.5, á kan 5, kó tó dé 5.6. Ìró mẹ́ta ló pé stop kan.

Gbà mí lójò, kí n gbà ọ́ lẹ́ẹ̀rùn

Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ dán an wò. Oòrùn ti wọ̀, ọmọ kan ń sáré níta. Kámẹ́rà mú f/5.6, 1/125, ISO 400. Ìmọ́lẹ̀ fọ́tò náà dára, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọmọ náà rí bàìbàì. Ẹni tó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ nílò nǹkan bíi 1/250. Ẹni tó ń sáré nílò 1/500, eré ìdárayá tó le nílò 1/1000. Láti 1/125 dé 1/500, stop méjì ti lọ. Ẹ gbọ́dọ̀ rí i gbà padà níbì kan. Ẹ lè ṣí aperture láti f/5.6 dé f/2.8. Ẹ lè gbé ISO láti 400 dé 1600. Ẹ sì lè mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan níhìn-ín lọ́hùn-ún: f/4 àti ISO 800. Ọ̀kan náà ni ìmọ́lẹ̀ fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Lẹ́ǹsì lè má gbà fún yín o. Èyí tó máa ń bá kámẹ́rà wá láti ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n kọ 18-55mm f/3.5-5.6 sí lára, kì í ṣí kọjá f/5.6 nígbà tí ẹ bá ti sún un dé 55mm. Níbẹ̀, ISO 1600 ló kù fún yín, àfi kí ẹ sún un padà sí 18mm, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ rìn súnmọ́ ọmọ náà.

Ìmọ́lẹ̀ wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n fọ́tò wọn kò dọ́gba, torí pé ibi kọ̀ọ̀kan tí ẹ ti yá stop ló ní èlé tirẹ̀.

Èlé aperture ni bí ibi tó mọ́ kedere ṣe jìn tó. Ẹ fi lẹ́ǹsì 85mm ya ojú èèyàn ní f/1.8 láti mítà kan àbọ̀: lórí kámẹ́rà full-frame (èyí tí sensor rẹ̀ tóbi), ibi tó mọ́ kedere kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ. Ojú á hàn, etí á ti di bàìbàì. Ó dára fún ẹnì kan ṣoṣo. Bí èèyàn bá tò ní ìlà mẹ́ta, f/8 ni kí ẹ lò, kí ẹ fi focus (ibi tí lẹ́ǹsì ń mú kó mọ́ jù) sí ìlà àárín. Ẹ má sì rò pé f/22 ló máa dára jù nítorí pé ó kéré jù. Bí ihò bá ti há jù, ìmọ́lẹ̀ ń tàn ká létí rẹ̀, gbogbo fọ́tò á sì rọ̀ díẹ̀. Àti f/16 lọ, ẹ ṣọ́ra.

Èlé shutter ni mímì, ti ọwọ́ yín tàbí ti ẹni tí ẹ ń yà. Ti ọwọ́ yín ní òfin kékeré kan: kí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ shutter má kéré sí gígùn lẹ́ǹsì. Lẹ́ǹsì 50mm, ó kéré tán 1/60; lẹ́ǹsì 200mm, 1/200. Bí sensor kámẹ́rà yín bá jẹ́ APS-C (èyí tó kéré sí full-frame), ẹ fi ìdajì kún un: 200mm á di 1/320. Ìmúdúró tí wọ́n ṣe sínú lẹ́ǹsì tàbí kámẹ́rà ń ran ọwọ́ tó ń gbọ̀n lọ́wọ́. Kò lè dá ẹni tó ń sáré dúró. Bí fọ́tò bá rí bàìbàì, ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú kí ẹ tó sọ pé kámẹ́rà ò dára. Bí gbogbo nǹkan bá fà sí ọ̀nà kan náà, ọwọ́ yín ló mì. Bí ògiri bá mọ́ tí èèyàn kò mọ́, shutter lọ́ra jù. Bí etí tàbí ewé ẹ̀yìn bá mọ́ ju ojú lọ, focus ló bọ́ síbòmíràn, stop kò sì mọ nǹkan kan nípa ìyẹn.

Èlé ISO ni àmì wínníwínní, òun sì làwọn olùbẹ̀rẹ̀ ń bẹ̀rù jù, ju bó ṣe yẹ lọ. Fọ́tò tó ní wínníwínní ṣì ṣeé wò, ó ṣeé tẹ̀ jáde. Èyí tó mì, kò sí oògùn rẹ̀. Ẹni tó fi ISO 100 ya fọ́tò tó ṣókùnkùn, tó wá gbé e sókè ní stop mẹ́ta nínú kọ̀ǹpútà, wínníwínní náà ló máa bá níbẹ̀, ó tiẹ̀ lè pọ̀ ju ti ẹni tó fi ISO 800 yà á láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀tàn light meter

Light meter ni ohun inú kámẹ́rà tó ń wọn ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó ń wò. Ó kàn rò pé bí a bá po gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀ pọ̀, àwọ̀ eérú ló máa jẹ́, ibẹ̀ ló sì máa ń fa gbogbo fọ́tò lọ. Ẹ ya ẹni tó wọ aṣọ funfun níwájú ògiri funfun, funfun náà á di eérú, ojú ẹni náà á sì ṣókùnkùn pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ ya ohun dúdú, òun náà á di eérú. Bọ́tìnnì tó ní àmì + àti − ni ìdáhùn rẹ̀, stop náà ló sì ń kà: +1 fún ohun tó funfun káàkiri, −1 fún ohun tó dúdú káàkiri.

Àwọ̀ ara wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ojú aláwọ̀ dúdú bá kún inú fọ́tò, kámẹ́rà á fẹ́ sọ ọ́ di eérú, ojú náà á ràn jù, dídán ara rẹ̀ á sì pòórá. −2/3 sábà máa ń dá a padà. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé, òdìkejì ni: fèrèsé ni kámẹ́rà ń wò, ojú á di òjìji. Níbẹ̀ ẹ nílò +1 sí +2, tàbí kí ẹ lo spot metering (ètò tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ ojú kékeré kan ṣoṣo) kí ẹ sì dojú rẹ̀ kọ ojú ẹni náà. Èyí tó rọrùn jù ni kí ẹ ní kó yíjú sí fèrèsé.

Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ jẹ́ kó ṣókùnkùn díẹ̀ ju kó funfun jù. Ibi tó ti funfun gbòò kò ní nǹkan kan nínú mọ́. RAW (fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe) ní àyè díẹ̀ láti gbà á là, JPEG (fáìlì fọ́tò tí kámẹ́rà ti tún ṣe, tó sì fún pọ̀) kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà lè jẹ́ kí ibẹ̀ máa ṣẹ́jú bí ẹ bá ń wo fọ́tò lẹ́yìn tí ẹ yà á. Ẹ tan ètò yẹn.

Nínú ilé, ẹ kíyè sí iná. Níbi tí iná mànàmáná jẹ́ 50Hz, ọ̀pọ̀ gílóòbù ń ṣẹ́jú nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá lo 1/500, ìlà dúdú lè gba inú fọ́tò kọjá. Ẹ padà sí 1/100 tàbí 1/50. Níbi tó jẹ́ 60Hz, 1/125 tàbí 1/60.

Lórí fóònù, ihò lẹ́ǹsì kì í sábà yí padà, nítorí náà shutter àti ISO nìkan ni fóònù fi ń dọ́gbọ́n. Ẹ fi ìka tẹ ojú ẹni tí ẹ fẹ́ yà, kí ẹ fa àmì oòrùn tó bá yọ sókè tàbí sísàlẹ̀: + àti − náà nìyẹn. Kí ẹ sì kọ́kọ́ nu ojú lẹ́ǹsì.

Láìsí light meter rárá, ẹ ṣì lè ṣírò. Bí oòrùn bá ràn gan-an láìsí ìkùukùu, f/16 ni aperture, kí shutter bá nọ́ńbà ISO dọ́gba: ISO 100, nǹkan bíi 1/125. Ẹ wá máa pààrọ̀ rẹ̀ bó ṣe wù yín: f/8 pẹ̀lú 1/500, f/5.6 pẹ̀lú 1/1000, f/4 pẹ̀lú 1/2000. Bí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti f/8.

Láti rí gbogbo rẹ̀ lójú ara yín, ẹ to ohun mẹ́ta sórí tábìlì nítòsí fèrèsé, kí ọ̀kan jìn sí èkejì ní nǹkan bí ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà. Ẹ yí kámẹ́rà sí A, tàbí Av lórí Canon (níbi tí ẹ ti ń yan aperture, tí kámẹ́rà ń yan shutter), kí ẹ fi ISO sí 400, kó má yí padà. Ẹ fi focus sí èyí tó wà níwájú, kí ẹ yà á ní f/5.6, ní f/11, àti ní f/22. Ẹ máa wo nọ́ńbà shutter tí kámẹ́rà ń mú fúnra rẹ̀: bó bá bẹ̀rẹ̀ láti 1/125, á bọ́ sí 1/30, á sì bọ́ sí 1/8, stop méjì méjì. Ohun ẹ̀yìn á túbọ̀ máa hàn, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta á ti mì lọ́wọ́ yín. Ẹ gbé ISO sí 6400, kí ẹ tún ẹ̀kẹta yà.