Ilé abúlé nínú àwòrán tí wọ́n ń yà ní Èkó

Àwòrán ilé abúlé wọ́pọ̀ ní Èkó, láti inú ìwé ọmọ iléèwé títí dé ibi tí wọ́n ti ń ta iṣẹ́ ọnà. Ilé alámọ̀ ni wọ́n sábà máa ń yà, pẹ̀lú páànù tó ti dípẹtà, ààrò, àti igi ọ̀pẹ tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ẹni tó yà á sì lè jẹ́ ẹni tó ń gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ìsàlẹ̀ Èkó tàbí yàrá kan ṣoṣo ní Mùṣín.

Àìná Ọ̀nàbólú (1882–1963), ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ ọmọ iléèwé Èkó ní àwòrán yíyà lọ́nà ìgbàlódé. Ó kọ́ wọn bí ohun tó jìnnà ṣe ń kéré lójú, àti bí ìlà ògiri àti ti òrùlé ṣe ń sún mọ́ra bí wọ́n bá ṣe ń lọ sẹ́yìn. Kenneth Murray, òyìnbó tí ìjọba amúnisìn gbà síṣẹ́ ní 1927, fẹ́ kí àwọn ọmọ ya ohun tó wà láyìíká wọn. Òun náà ló wà nídìí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Oníkan, tí wọ́n ṣí ní 1957.

Ilé nìkan kọ́ ló ń sọ̀rọ̀ nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Nínú agbo ilé Yorùbá, àwọn yàrá máa ń yí àgbàlá ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti ń gbàlejò, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń parí ìjà. Láyé àtijọ́, inú ilé ni wọ́n ń sin àgbà sí. Nítorí náà, àmì ìdílé ni àwọn nǹkan kéékèèké: èéfín tó ń yọ lẹ́yìn ilé ń sọ pé ẹnìkan wà nílé tó ń dáná; ìkòkò omi lẹ́nu ọ̀nà wà fún àlejò. Àwọn mìíràn a fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ya ipa ìgbálẹ̀ sórí ilẹ̀ iwájú ilé, kí a lè mọ̀ pé wọ́n ti gbálẹ̀ láàárọ̀. Ilé tí kò ní ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí, bó ti wù kó lẹ́wà tó, ahoro ló máa ń jọ.

Ní 1948, John Buck, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà, gbé ìdánwò kan jáde níbi tí èèyàn yóò ti ya ilé, igi àti ènìyàn. Àwọn tó ń lò ó a máa ka ilé sí àmì àjọṣe ẹbí, wọ́n sì lè sọ pé ẹni tó ya fèrèsé kékeré ń sá fún èèyàn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni kò fọkàn tán an. Ilé alámọ̀ ní tirẹ̀ kì í ní fèrèsé ńlá, torí ooru àti torí kí ògiri má baà wó. Bí ọmọ Èkó bá sì ya ihò èéfín sórí òrùlé, àfàìmọ̀ ni kò fi ní jẹ́ pé inú ìwé kíkà ló ti rí i.

Mákòkó, ní etí ọ̀sà, ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀. Àárín ìlú ló wà, síbẹ̀ àwọn ayàwòrán a máa yà á bí abúlé apẹja. Orí òpó igi ni ilé wà, kò sí àgbàlá, kò sí ilẹ̀ tí èèyàn lè gbá. Ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n so mọ́ òpó ni wọ́n fi ń fi hàn pé onílé wà nílé.